Ẹjọ́ Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Àgbéyẹ̀wò Èrò Àwọn Tó Dá A Lẹ́bi àti Àwọn Tó Dá A Láre

Ọdún 1874 ni wọ́n rọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà lóyè Ìyálóde Ìbàdàn, ọdún náà kò sì tíì parí tí wọ́n fi pa á. Láti ìgbà náà ni ẹjọ́ rẹ̀ ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Òpìtàn dá a, òǹkọ̀wé eré tún un dá, oníṣẹ́ sinimá gbé e síwájú gbogbo ayé, àwọn onímọ̀ yunifásítì sì tún tú u palẹ̀. Ẹni tó bá wo sinimá rẹ̀ yóò sọ pé òṣìkà gba èrè ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ àwọn òpìtàn ìgbà tiwa yóò sọ pé ẹ̀sùn àwáwí ni wọ́n fi mú obìnrin tí agbára àti owó rẹ̀ ti kọjá ohun tí àwọn kan lè fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń gbé àárín ìgboro nìkan. Káàkiri abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí à ń ro lónìí jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ìjòyè Ìbàdàn kọ́kọ́ fi ẹrú ṣán. Bí a bá ń bi ara wa bóyá òdodo ni ẹjọ́ Ìyálóde, à ń bi ara wa léèrè bí oko wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Èrò márùn-ún ló wà lórí ọ̀rọ̀ náà. A ó gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó wo bí sinimá òkè òkun ṣe ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, a ó sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí.

Ohun tí gbogbo ọwọ́ gbà

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ẹfúnṣetán ní ìhà baba. Ó wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, òwò sì gbè é. Ó ń kó ọjà lọ sí etí òkun, ó ń kó ìbọn àti ẹ̀tù bọ̀, ó sì ń ta wọ́n ní àwìn fún àwọn ológun. Samuel Johnson, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé ìjọ ní Ìbàdàn lásìkò náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921 pé ẹrú tó wà lóko Ìyálóde nìkan tó 2,000, láìka àwọn tó wà nílé. Ìyálóde ní ọmọ ogun tirẹ̀ àti balógun tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860.

Látòósà di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní 1871. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1874, wọ́n rọ Ìyálóde lóyè. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ kà sí i lẹ́sẹ̀: pé kò tẹ̀ lé òun lọ sójú ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun ní ibùdó, pé nígbà tí òun dé, kò jáde wá pàdé òun létí odi láti kí òun kú àbọ̀. Ó san ìtanràn, àwọn ìjòyè bá a bẹ̀bẹ̀, síbẹ̀ Ààrẹ kò dá oyè padà fún un. Ní òru ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ kan gba orí àjà wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n sì pa á. Kúmúyìílọ, ọmọ tó gbà tọ́, lọ́wọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ka Ààrẹ mọ́ ọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ìwádìí, ẹrú méjì ni wọ́n pa ní gbangba.

Lórí nǹkan wọ̀nyí, àríyànjiyàn kò pọ̀. Ìtumọ̀ tí kálukú fún wọn ni ìjà wà.

Èrò kìíní: òṣìkà ni, ẹ̀san ló ké

Èrò yìí ló gbilẹ̀ jù láàárín ará ìlú, eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló sì gbé e dé ibi tó dé. Ìṣọ̀lá, ọmọ Lábọ̀dé, abúlé kan nítòsí Ìbàdàn, kọ eré náà nígbà tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn láàárín 1961 sí 1962. Ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ní 1966, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e sórí ìtàgé. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní pápá ìṣeré ńlá Ìbàdàn ní 1981, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wò ó. Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá ló ṣe Ìyálóde, ó ṣe é dé ibi pé orúkọ Ẹfúnṣetán mọ́ ọn lára. Bánkọ́lé Bello sọ ọ́ di sinimá láàárín àkókò náà.

Nínú eré yìí, Ìyálóde ṣe òfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, ẹrú bíi tirẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò wọ Ìyálóde létí. Wọ́n bẹ́ Adétutù lórí. Ìtáwuyì gbìyànjú láti fi májèlé gbẹ̀san, àṣírí tú, òun náà sì bá a lọ. Látòósà àti àwọn ìjòyè wá dìde, wọ́n tú ẹrú sílẹ̀, Ìyálóde sì gbé májèlé mu.

Ohun tó gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀ ni pé Ìṣọ̀lá kò ti inú afẹ́fẹ́ fa ìwà ìkà yọ. Johnson kọ ọ́ pé láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú ni Ìyálóde ti di ìkà sí ẹrúbìnrin tó bá lóyún, tó ń fi ipá ba oyún wọn jẹ́, tí èyí sì máa ń la ikú lọ. Yàtọ̀ sí èyí, eré náà fún ẹrú ní ẹnu. Ìwé ìtàn kò fi orúkọ obìnrin kan sílẹ̀ nínú àwọn tó kú bẹ́ẹ̀. Adétutù dúró fún gbogbo wọn.

Ibi tí èrò yìí ti mẹ́hẹ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ tí sinimá fi dá a lẹ́bi kò sí nínú ẹ̀sùn tí ìlú fi kàn án. Ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ ogun ni. Ẹrú kankan kò sí níbẹ̀, oyún kankan kò sí níbẹ̀. Ẹni tó wo sinimá yóò gbà pé nítorí ẹrú ni Látòósà ṣe dìde, bẹ́ẹ̀ Ààrẹ fúnra rẹ̀ ní ẹrú lọ jàrà. Ìparí eré náà sì ní àbùkù tirẹ̀. Nínú ìwé ìtàn, apààyàn ló wọlé tọ Ìyálóde lóru. Nínú eré, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ikú mu. Lóòótọ́, ikú yá ju ẹ̀sín, irú ikú bẹ́ẹ̀ sì bọ́gi mu fún ìjòyè nínú àṣà wa. Àmọ́ ìyípadà kan yìí nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tó rán apààyàn níṣẹ́.

Èrò kejì: ọ̀tẹ̀ ìṣèlú àti gbèsè ni

Bọ́láńlé Awẹ́, òpìtàn àgbà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló ṣe iṣẹ́ jù lórí èyí, pàápàá nínú ìwé nípa àwọn obìnrin nínú ìtàn Nàìjíríà tó ṣe olóòtú rẹ̀, tó jáde ní 1992. Ní ojú rẹ̀, ẹni tó ń náwó sógun tí kò sì fara mọ́ ogun àìsinmi mọ́ ni Ẹfúnṣetán. Àwọn ìjòyè ń gba ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn, gbèsè ń ga. Nígbà tó ní àwìn ti tó, ó di ọ̀tá. Bí a bá wò ó báyìí, ajigbèsè ló jókòó ṣe adájọ́ olówó rẹ̀.

Agbára èrò yìí ni pé ó jẹ́ kí ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìtumọ̀: àìbá wọn lọ sógun, àìfi nǹkan ránṣẹ́, àìkí ni kú àbọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìbínú ẹni tí wọ́n kọ̀ láti ràn lọ́wọ́. Ó tún sọ ìdí tí ìtanràn kò fi tán ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ àbùkù ni Ààrẹ fẹ́ wẹ̀, owó àti ẹ̀bẹ̀ ìbá ti wẹ̀ ẹ́. Ẹfúnṣetán kọ́ ló sì kẹ́yìn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí Ayéjẹnkú Fọ́kọ̀ àti Ìyápọ̀, Sẹ̀ríkí, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, náà fi bá ìbínú Ààrẹ lọ. Ó dà bí ìgbà tí Látòósà ń gé igi ńláńlá lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ èrò yìí náà ní ibi tí kò ti dé. Ó máa ń sọ Ìyálóde di ẹni tó fẹ́ àlàáfíà, nígbà tó jẹ́ pé ogun ló sọ ọ́ di olówó. Ìbọn tó tà, ogun ló lò ó. Ẹrú tó rà, ogun ló kó wọn. Ó lè jẹ́ pé owó tí kò padà wọlé ló mú kí ogun sú u, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Yàtọ̀ sí èyí, Látòósà nìkan kọ́ ló wà ní ìgbìmọ̀. Àwọn ìjòyè yòókù wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rọ̀ ọ́, ìbẹ̀bẹ̀ wọn lẹ́yìn náà kò sì pa ìyẹn rẹ́.

Èrò kẹta: ẹ̀tanú ni

Àwọn tó ń kọ nípa ìtàn àwọn obìnrin fi kún un pé òṣèlú nìkan kò tó. Wọ́n bèèrè ìdí tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo olówó ẹrú Ìbàdàn, obìnrin kan ni orúkọ rẹ̀ di àpẹẹrẹ ìkà. Àwọn ìjòyè ọkùnrin kó ìlú, wọ́n ta èèyàn, wọ́n sì pa èèyàn. Oríkì wọn ń bá a lọ nínú agboolé. Èkejì, ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ so ìwà rẹ̀ mọ́ àìrọ́mọ, bí ẹni pé obìnrin tí kò lọ́mọ lẹ́yìn kò lè ṣàì di ìkà. Bẹ́ẹ̀ Ẹfúnṣetán kì í ṣe àgàn. Ó bímọ, ọmọ náà kú síbi tó ti fẹ́ bí ọmọ tirẹ̀. Ọ̀fọ̀ tó yẹ kí ìlú bá a ṣọ̀fọ̀ ló di ẹ̀sùn. Ẹ̀kẹta, Abẹ́òkúta ló ti wá, ó lówó, ó sì ń yáni lówó. Ibi gbogbo láyé ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti máa ń jẹ́ ẹni àkọ́fura sí.

Èrò yìí lágbára ní ti pé ó fi ohun tí sinimá kò rí hàn: sinimá rí ìwà Ìyálóde, kò rí ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò ó. Àmọ́ a kò gbọdọ̀ gùn ún kọjá agbára rẹ̀. Àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ Ìbàdàn dó, kò sì sí gbólóhùn kan nínú ẹ̀sùn mẹ́ta náà tó mẹ́nu ba Ẹ̀gbá. Ayéjẹnkú àti Ìyápọ̀ tó ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n. Baṣọ̀run Gáà ti Ọ̀yọ́, tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ eré lé lórí, ọkùnrin ni, òun náà sì di àpẹẹrẹ ìkà. Ní ti Ìṣọ̀lá, òun kan náà ló kọ Olú Ọmọ, eré lórí Tinúubú, Ìyálóde Ẹ̀gbá, tó sì gbé obìnrin alágbára ga níbẹ̀. Ó ṣòro láti sọ pé kò fẹ́ràn obìnrin alágbára.

Èrò kẹrin: ẹ wo ẹrú kí ẹ tó wo ìjòyè

Èrò yìí kọ̀ láti gbè sẹ́yìn Ẹfúnṣetán tàbí Látòósà. Iṣẹ́ Tóyìn Fálọlá lórí ọrọ̀ ajé Ìbàdàn láàárín 1830 sí 1900, tó jáde ní 1984, la ọ̀nà fún un. Oko etílé àti oko ẹgàn ló ń bọ́ ìlú àti ibùdó ogun, ẹrú ló sì ń ro ọ̀pọ̀ nínú oko àwọn ìjòyè. Ẹni tó ní ẹrú ló ní oúnjẹ, ẹni tó ní oúnjẹ ló lè bọ́ ọmọ ogun, ẹni tó ní ọmọ ogun ló lè kó ẹrú sí i. Ìjà Ìyálóde àti Ààrẹ, ìjà àwọn méjì tó jọ ń jẹ nínú àwo kan náà ni.

Ìwọ̀n kan náà ni èrò yìí fi wọn gbogbo wọn, ó sì tọ́ka sí ìdájọ́ kan tí àwọn yòókù máa ń fò dá: ẹrú méjì tí wọ́n pa lẹ́yìn ikú Ìyálóde. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àwọn tó gun àjà san ẹ̀mí wọn. Àwọn tó rán wọn kò san nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń wá ẹjọ́ tó wọ́ jù nínú ìtàn yìí, èyí wà lára wọn.

Àìtó rẹ̀ ni pé kò dáhùn ìbéèrè tí a gbé kalẹ̀. Pé gbogbo ìjòyè jọ jẹ̀bi kò sọ bóyá ó tọ́ kí wọ́n rọ ẹnì kan lóyè lórí ẹ̀sùn àìkíni. Ẹ̀rí tí èrò náà nílò jù náà ṣọ̀wọ́n: ẹrú kò kọ̀wé, agboolé sì máa ń pa oríkì olówó mọ́ ju orúkọ ẹrú lọ.

Èrò karùn-ún: eré ni eré, ìtàn ni ìtàn

Àwọn kan sọ pé gbogbo àríyànjiyàn yìí kò yẹ òǹkọ̀wé eré. Ìṣọ̀lá kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn pé òun yóò kọ ìtàn bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ yunifásítì ni nígbà náà, orílẹ̀-èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní 1960, wàhálà Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1962. Eré nípa alágbára tó tẹ aráàlú mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi kọ̀ fún un bá ìgbà náà mu. Bí a bá ní kí eré máa tẹ̀ lé ìwé ìtàn ní gbólóhùn dé gbólóhùn, kò ní sí eré mọ́.

Òótọ́ ni, àmọ́ ibì kan ló mọ. Orúkọ èèyàn gidi ni eré náà lò, ìlú gidi, oyè gidi. Ìwé rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́, sinimá rẹ̀ wọ ilé. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sí ìwé mìíràn tí wọ́n kà nípa Ẹfúnṣetán yàtọ̀ sí i. Nígbà tí eré bá di ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, ó ti di ìtàn, bó fẹ́ bó kọ̀.

Bí sinimá òkè òkun ṣe ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀

Ẹjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú irú èyí ni ti Alfred Dreyfus, ọ̀gá ológun ilẹ̀ Faransé tó jẹ́ Júù. Ní oṣù Kejìlá 1894, ilé ẹjọ́ ológun dá a lẹ́bi pé ó ta àṣírí fún Jámánì. Wọ́n já àmì oyè kúrò lára aṣọ rẹ̀ ní gbangba ní oṣù Kìíní 1895, wọ́n sì kó o lọ sí erékùṣù ẹ̀wọ̀n kan ní etí òkun Gúúsù Amẹ́ríkà. Georges Picquart, ológun bíi tirẹ̀, rí i pé ológun mìíràn, Esterhazy, ló ṣe iṣẹ́ náà. Òǹkọ̀wé Émile Zola pariwo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní 1898. Ọdún 1906 ni wọ́n tó dá Dreyfus láre pátápátá. Ìkórìíra àwọn Júù ló jẹ́ kí ẹ̀sùn náà rọrùn láti gbà gbọ́, òun náà ló sì jẹ́ kí ó ṣòro láti yí padà.

Sinimá tí Amẹ́ríkà ṣe nípa ìgbésí ayé Zola ní 1937 gba ẹ̀bùn Oscar fún sinimá tó dára jù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹnu pe Dreyfus ní Júù nínú rẹ̀. Òǹwòran rí àìtọ́ ẹjọ́ náà, kò gbọ́ ohun tó bí i. J'accuse tí Roman Polanski ṣe ní 2019 sọ ìkórìíra náà síta, ó sì fi hàn pé Picquart tó gba Dreyfus sílẹ̀ kò fẹ́ràn Júù. Sinimá yìí gba ẹ̀bùn ńlá ní Venice, àmọ́ ó dá awuyewuye sílẹ̀ nítorí ẹni tó ṣe é.

A kò lè fi Ẹfúnṣetán wé Dreyfus tán. Dreyfus kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ẹrú wà lọ́rùn Ẹfúnṣetán bí Johnson bá sọ òótọ́. Júù ní Yúróòpù jẹ́ ẹ̀yà tí wọ́n ti ń ni lára fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìyálóde wà lára àwọn tó ń paṣẹ. Síbẹ̀ ìdánwò kan náà bá sinimá lórí ẹjọ́ méjèèjì: ṣé yóò sọ ohun tí ẹ̀sùn jẹ́ gan-an, àti ohun tó mú kí àwọn èèyàn gbà á? Sinimá Ẹfúnṣetán sọ ìwà ìkà, ó sì fi ẹ̀sùn gidi sílẹ̀.

Ohun tí kò tíì yanjú

Nǹkan mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀. Èkínní ni bí ìwà ìkà náà ṣe pọ̀ tó. Johnson ni orísun tó ti pẹ́ jù lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ti rí ẹ̀rí tó ti ẹnu ẹrú Ìyálóde wá. Èkejì ni gbèsè: bóyá òun ni olórí ìdí, tàbí agbára nìkan ni Ààrẹ ń wá. Ẹ̀kẹta ni Kúmúyìílọ: bóyá ogún ló fẹ́, ìbẹ̀rù Ààrẹ ló mú un, tàbí ó ní ẹ̀hónú tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ti òde òní. Ìlú tó rọ̀ ọ́ lóyè ti gbé ère rẹ̀ dúró sí oríta Challenge, síbẹ̀ àwọn ọmọ ṣì ń ka eré tó sọ ọ́ di ìkà. A kò tíì pinnu èwo nínú méjèèjì ni ọ̀rọ̀ Ìbàdàn.

Ohun tí ẹ̀rí ọwọ́ wa gbé dúró kò ju èyí lọ: ẹ̀sùn tí wọ́n fi rọ Ẹfúnṣetán lóyè kò tó ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹ̀sùn tó wúwo tí ayé ń kà sí i lẹ́sẹ̀ lónìí kò sì dé iwájú ìgbẹ́jọ́ kankan rí. A lè dá a láre lórí èkínní láì wẹ̀ ẹ́ mọ́ lórí èkejì. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré náà, ẹ ka ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí wọn létí kí wọ́n tó ṣí ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ó sì ṣe sinimá mìíràn lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí Adétutù sọ tirẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó jẹ Ìyálóde ní gbèsè náà fara hàn.